Orúkọ Ta Ni Yóò Wà Lára Òkúta? Ìrántí Ogun láti Giginya dé Ìdúmọ̀tà

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Mínánátà, Sókótó

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun ìrántí ogun, bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ àti bó ṣe yẹ kí abúlé tàbí àdúgbò kan gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Ó ti ta sí mi létí pé àwọn kan nínú yín ti ń dá owó jọ láti ṣe irú rẹ̀ nílé, fún àwọn bàbá wọn tó lọ sí ogun Hitler tí wọn ò bọ̀. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra àpò sìmẹ́ńtì àkọ́kọ́, mo ní ẹjọ́ kan láti rò fún yín, orí orúkọ ni ẹjọ́ náà sì dá lé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a jókòó sí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1903, ní Giginya, lẹ́yìn odi Sókótó, ogun Gẹ̀ẹ́sì tí Ọ̀gágun Kemball kó wá pàdé ogun Sultan Attahiru Kìíní. Ẹṣin, ọ̀kọ̀, idà àti ọfà ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ará ìlú. Àgbá àti ìbọn Maxim tó ń yìn láìdáwọ́dúró ló wà lọ́wọ́ àwọn tó wá jà wọ́n. Ìjà náà kò pẹ́ rárá. Sultan fi ìlú sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, ó forí lé ìlà oòrùn, Lugard, aṣáájú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Òkè Ọya, sì dé lẹ́yìn rẹ̀ láti fi Attahiru Kejì jẹ. Wọ́n lé Sultan àkọ́kọ́ títí wọ́n fi bá a ní Burmi, tó wà ní ìpínlẹ̀ Gombe lónìí, ibẹ̀ ni wọ́n sì pa á sí ní ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún náà. Marsh, ọ̀gá òyìnbó tó ṣáájú ogun Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ yẹn, kú níbẹ̀ pẹ̀lú.

Báwo ni Sókótó ṣe rántí ogun yìí? Kì í ṣe ère ni wọ́n fi rántí rẹ̀. Ẹ̀sìn ìlú yìí kò fara mọ́ kí wọ́n gbẹ́ àwòrán ènìyàn dúró sí gbangba kí àwọn èèyàn máa tẹ orí ba fún un. Ibojì Shehu Usman dan Fodio gan-an, tí wọ́n ń pè ní Hubbare, ibi àdúrà ni, kì í ṣe ibi àwòrán. Orúkọ ni wọ́n mú. Wọ́n fi Giginya sọ pápá ìṣeré ńlá ìlú, wọ́n sì kọ ọ́ pé pápá ìrántí ni. Ẹni tó ń lọ wo bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tó ra gúgúrú, tó ń bú rẹfirí, inú ìrántí ogun ló jókòó sí. Mi ò rí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju ọ̀pọ̀ ère tí mo ti rí lọ, nítorí ojoojúmọ́ ni orúkọ náà ń jáde lẹ́nu àwọn ọmọdé.

Ìrántí kejì tí ogun yẹn ní tún jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó yè bọ́ ní Burmi kò padà sílé. Wọ́n ń lọ títí wọ́n fi dé Sudan, wọ́n tẹ̀dó sí etí odò Blue Nile, ìlú tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ sì ń jẹ́ Maiurno títí di òní, orúkọ Mai Wurno, ọmọ Attahiru. Ó wù mí kí ẹ fi èyí sọ́kàn. Àwọn tí ogun lé kúrò nílé kò ní òkúta, wọn kò ní idẹ, wọn kò ní agbẹ́gilére. Odidi ìlú ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ìkẹta ni Bárékè Giginya, èyí sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun West African Frontier Force, WAFF, tí Lugard kó jọ ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni ọmọ ogun Nàìjíríà ti ṣẹ̀. Àwọn WAFF yìí náà ló sì ṣẹ́gun Sókótó ní Giginya. Nítorí náà, ẹni tó ṣẹ́gun ni babańlá ẹni tó ń sùn ní bárékè tó ń jẹ́ orúkọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ́gun onílùú. Ta ni orúkọ yẹn ń bọlá fún? Bí ará ìlú bá gbọ́ ọ, Sultan tó kọ̀ láti tẹrí ba ni yóò rántí. Bí ọ̀gá sójà bá gbọ́ ọ, ó lè jẹ́ iṣẹ́ tí àwọn aṣáájú rẹ̀ ṣe ni yóò rántí. Orúkọ kan, ojú méjì. Ohun ìrántí tó bá ti kún fún ìtàn gidi sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé ìrántí ogun máa ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ má dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. Nígbà tí a bá ń sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ló ṣẹ́gun ilẹ̀ Haúsá, a ń gbàgbé pé òyìnbó tó wà nínú ogun WAFF kò tó nǹkan. Ọmọ ilẹ̀ yìí ló gbé ìbọn, ọmọ ilẹ̀ yìí ló ru ẹrù. Wọ́n kó Haúsá sínú rẹ̀, wọ́n kó Núpé, wọ́n sì kó Yorùbá. Àwa tí a wá ṣòwò, tí a wá ṣe iṣẹ́ ìjọba, tí a wá bí ọmọ sí Sókótó, kì í ṣe àwa ni Yorùbá àkọ́kọ́ tí ìrìn àjò gbé wá sí apá Òkè Ọya yìí.

Bí wọ́n bá ní kí n sọ bí àwọn baba wa ṣe ń rántí òkú ogun, n ó sọ pé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe kí òyìnbó tó dé. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì ogun nílẹ̀ wa. Kírìjì nìkan bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, àgọ́ ogun kò sì tú tán títí di 1893. Ẹni tó bá kú sí ibi tó jìnnà, tí wọn kò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n máa ń gé wá. Wọ́n á sin ín sínú ilé, wọ́n á ṣe gbogbo ètò òkú tó yẹ, bí ẹni pé odidi rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìyókù di ti oríkì. Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí agbára ètò yìí wà. Ibojì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló mọ ẹni tí wọ́n sin síbẹ̀, ọmọ ta ni, ogun wo ló pa á.

Ní London, nígbà tí ogun 1914 sí 1918 parí, irú ọ̀rọ̀ kan náà ló dojú kọ wọn: òkú tó pọ̀ rẹpẹtẹ, tí kò sì sí nílé. Ìjọba wọn ti pinnu pé wọn kò ní gbé òkú ẹnikẹ́ni padà sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bó ṣe ọmọ olówó, bó ṣe ọmọ aláìní. Ní oṣù Keje 1919, wọ́n fẹ́ yan ìwọ́de àlàáfíà, wọ́n sì ní kí Edwin Lutyens, ayàwòrán ilé, ṣe nǹkan kan tí àwọn ọmọ ogun yóò kí bí wọ́n bá ń kọjá. Pákó àti ẹfun ló fi ṣe é, fún ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń ya wá sí ìdí rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó, wọn kò jẹ́ kí wọ́n wó o. Ni wọ́n bá fi òkúta Portland kọ́ ọ gidi, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá 1920. Òun ni Cenotaph tó wà ní Whitehall: ibojì òfìfo tí wọ́n gbé sórí òpó gíga.

Mo fẹ́ dúró níbi iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yìí díẹ̀, nítorí àwọn mẹ́kalíkì àti bíríkìlà wà láàárín wa. Bí ẹ bá wo Cenotaph lóòkán, ẹ ó rò pé gbogbo ìlà rẹ̀ ló gún régé. Irọ́ ni. Lutyens tẹ àwọn ìlà tó dúró lóòró sí ara wọn lọ́nà tó jẹ́ pé, bí wọ́n bá ń gòkè lọ bẹ́ẹ̀, wọn yóò pàdé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà lókè. Àwọn ìlà tó dùbúlẹ̀ náà tẹ̀, wọ́n jẹ́ apá òbìrí ńlá kan tí àárín rẹ̀ wà ní nǹkan bí 900 ẹsẹ̀ bàtà nínú ilẹ̀. Ojú kì í rí i, ṣùgbọ́n ara máa ń mọ̀ ọ́n. Òkúta náà kò kú bí àpótí. Kò sì sí àgbélébùú lára rẹ̀, kò sí òṣùpá, kò sí ère, nítorí Lutyens mọ̀ pé Mùsùlùmí, Híńdù àti aláìgbàgbọ́ wà lára àwọn òkú náà. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ìlú yín ní ṣọ́ọ̀ṣì méjì, mọ́ṣáláṣí mẹ́ta àti ilé Ògún kan gbé yẹ̀ wò.

Àjọ tó ń mójú tó sàárè àwọn ọmọ ogun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1917, gba ìmọ̀ràn Frederic Kenyon, ọ̀gá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní 1918. Ìmọ̀ràn náà rọrùn: òkúta orí sàárè ọ̀gágun àti ti sójà lásán gbọ́dọ̀ rí bákan náà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ga bákan náà, ẹni tí wọn kò bá rí òkú rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri. Àwọn olówó bínú sí i gan-an, nítorí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ńlá sórí ọmọ wọn. Àjọ náà kò gbà. Rudyard Kipling, òǹkọ̀wé tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sọnù sí ojú ogun ní 1915, wà lára àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́. Òun ló bá wọn yan gbólóhùn Bíbélì tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta káàkiri ayé, èyí tó sọ pé orúkọ wọn yóò wà títí láé.

Ní àwọn abúlé Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe ìjọba ló kọ́ ti wọn. Ará abúlé ló dáwó. Wọ́n pe ìpàdé, wọ́n sì jà níbẹ̀ gan-an: ṣé àgbélébùú ni ká gbé sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àbí ká fi owó náà kọ́ gbọ̀ngàn, àbí ká ra bẹ́ẹ̀dì sí ọsibítù? Ṣé orúkọ ọ̀gá ni yóò ṣáájú, àbí ká tò ó ní A, B, D? Ọ̀pọ̀ yan A, B, D, bí ọmọ onílẹ̀ ṣe di ẹni tó wà lábẹ́ orúkọ ọmọ ìránṣẹ́ bàbá rẹ̀ nìyẹn. Nǹkan bí 50 abúlé péré ní England àti Wales ni gbogbo ọmọ wọn tó lọ sógun ti padà wálé láàyè. Ní Faransé, ó lé ní 30,000 ìlú kéékèèké tó ṣe tiwọn, ìjọba sì fi owó díẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́ lábẹ́ òfin 1919.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yí padà ni mo ń bọ̀. Òfin pé gbogbo òkú dọ́gba, òfin pé kí wọ́n kọ orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan, nígbà tó dé etí òkun Áfíríkà, ó rì. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti jà ní Kamẹrúùnù láti 1914. Ní oṣù Kọkànlá 1916, ogun Nàìjíríà wọ ọkọ̀ òkun ní Èkó lọ sí Ìlà Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì ta ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀ ní Mahiwa ní oṣù Kẹwàá 1917, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Tanzania lónìí. Àwọn alárùú tí kò gbé ìbọn kú jù wọ́n lọ, ebi àti àìsàn ló pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tó kan ká kọ orúkọ, ẹnu àwọn aláṣẹ yí padà. Guggisberg, gómìnà Gold Coast, sọ ní 1923 pé ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ kò ní mọ rírì òkúta orí sàárè, kò sì ní yé e. Gómìnà náà jókòó sí àárín àwọn Áṣáńtì, tí wọ́n ń sin òkú bí ọba, ó sì sọ bẹ́ẹ̀!

Nítorí náà, ère ni wọ́n fún wa dípò orúkọ. Ní Nairobi, ère idẹ tí wọ́n ṣí ní 1928 wà níbẹ̀ títí di òní: àwọn ọkùnrin mẹ́ta, sójà àti alárùú. Kipling kan náà ni wọ́n ní kó kọ ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ ẹ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Lárúbáwá àti Swahili. Ó sọ fún àwọn òkú níbẹ̀ pé, bí wọ́n bá tilẹ̀ kú, àwọn ọmọ wọn yóò rántí orúkọ wọn. Ẹ wo gbogbo ara òkúta náà yípo. Kò sí orúkọ ẹyọ kan níbẹ̀.

Èkó náà ní tirẹ̀, èyí tí gbogbo ará Èkó mọ̀ sí Sójà Ìdúmọ̀tà. Ìrántí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kú nínú ogun 1914 ni. Ó dúró láàárín ọjà, àwọn èèyàn ń júwe ọ̀nà fún ara wọn pẹ̀lú rẹ̀: bí o bá ti dé Sójà, yà sí ọwọ́ òsì. Nígbà tí mọ́tò àti afárá gba Ìdúmọ̀tà, wọ́n ṣí i kúrò. Orúkọ náà ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè, ta ni sójà yẹn? Ọmọ ìlú wo ni? Kò sí ìdáhùn, nítorí wọn kò ṣe é kó ní ìdáhùn. Ère tí kò ní orúkọ rọrùn láti gbé kúrò. Bí orúkọ bàbá àgbà ẹni bá wà lára ògiri, mọ̀lẹ́bí á dìde; ta ló máa dìde nítorí sójà kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀? Ní Dakar, ère Demba àti Dupont, sójà dúdú àti sójà funfun tí wọ́n ṣe ní 1923, kúrò nílẹ̀ ní 1983, kò sì padà sí gbangba títí di 2004, nígbà tí ìjọba Senegal tún rí ìwúlò rẹ̀. Ìjọba ló gbé e kúrò, ìjọba náà ló gbé e padà.

Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí ẹjọ́ yìí tó dé etí àwọn tó ni ẹ̀bi. Ní oṣù Kẹrin 2021, àjọ kan náà tó ń mójú tó sàárè, tó ń jẹ́ Commonwealth War Graves Commission báyìí, gbé ìwé jáde nínú èyí tí wọ́n jẹ́wọ́ pé ó kéré tán 116,000 òkú ogun àkọ́kọ́, ó sì lè tó 350,000, ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan, tàbí tí wọn kò rántí rárá. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn jẹ́ ará Áfíríkà àti Íjíbítì. Mínísítà ètò ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tọrọ àforíjì ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn. Mo gba àforíjì náà. Ṣùgbọ́n orúkọ ni mo ń wá.

Nínú ogun Hitler, nǹkan sàn díẹ̀. Àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó wà nínú Dífíṣọ̀n 81 àti 82 jà nínú igbó Arakan ní Burma, wọ́n ru ẹrù lórí níbi tí mọ́tò kò lè dé. Ní Taukkyan, lẹ́yìn ìlú Yangon, ògiri ìrántí kan wà tó ní orúkọ àwọn tí kò ní sàárè, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000. Ẹ ó rí orúkọ Haúsá níbẹ̀, ẹ ó rí ti Yorùbá, ẹ ó rí ti Ígbò, láàárín ti Íńdíà àti ti Gẹ̀ẹ́sì. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ìba wà lára wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní 1942. Ní oṣù Kẹta 1944 ọta ìbọn àwọn Japan bà á lẹ́sẹ̀ ní àfonífojì Kaladan, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú yí i ká. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan níbẹ̀, Shuyiman, fi òun àti David Kagbo ará Sierra Leone pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án, ó ń bọ́ wọn nígbà tí òun gan-an kò ní. Fadoyebo padà wálé, ó kọ ìwé nípa rẹ̀, ó sì gbé ayé títí di 2012. Abúlé Shuyiman náà ló yẹ kó ní òkúta, bí ẹ bá bi mí.

Nílé níbí, bárékè ni wọ́n fi ṣe ògiri. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà ò gbàgbé Dodan Barracks, bí rédíò ṣe máa ń dárúkọ rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìjọba bá ti yí padà. Ibi tí ọmọ Nàìjíríà ti jà ní Burma ni Dodan. Arakan ní Àpápá, Letmauk ní Ìbàdàn, Dalet àti Kalapanzin ní Kàdúná, ilẹ̀ Burma ni gbogbo wọn. Marda àti Abalti ní Èkó ń tọ́ka sí Etiópíà, níbi tí wọ́n ti lé àwọn Ítálì ní 1941. Èrò dáadáa ni, ó sì pẹ́ ju ère lọ. Àìsàn rẹ̀ ni pé orúkọ ibẹ̀ ló wà, orúkọ ẹni tó kú síbẹ̀ kò sí. Ọlọ́kadà tó ń kígbe “Letmauk, Letmauk” ní Mọ́kọ́lá kò mọ̀ pé òun ń pe sàárè.

Ọjọ́ ìrántí náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni a ń ṣe é tẹ́lẹ̀, bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. A gbé e lọ sí ọjọ́ 15 oṣù Kìíní nítorí ọjọ́ yẹn ni ogun Biafra parí ní 1970. Àmọ́ ọjọ́ 15 oṣù Kìíní kan náà, ní 1966, ni àwọn sójà pa Sardauna, Ahmadu Bello, ní Kàdúná. Ní Sókótó yìí, bí àwọn sójà bá ń tú ẹyẹlé sílẹ̀ tí wọ́n ń yìnbọn sókè lọ́jọ́ yẹn, àwọn ilé kan wà tó jẹ́ pé òkú mìíràn ni wọ́n ń rò. Ọjọ́ náà gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra, a kàn kì í sọ ọ́ síta ni.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ orúkọ, ẹ ó bá ìṣòro pàdé. Chari Maigumeri, ọmọ Bọ̀nú, jà fún Jámánì ní Kamẹrúùnù nínú ogun àkọ́kọ́, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Iron Cross. Lẹ́yìn náà ó wọ ẹgbẹ́ ogun Nàìjíríà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Military Medal ní Burma. Ẹ̀gbẹ́ wo ni ẹ ó kọ ọ́ sí? Victor Banjo, ọmọ Ìjẹ̀bú, kó ogun Biafra wá títí dé Òrè ní 1967. Biafra kan náà ló yìnbọn pa á ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn. Bí ìlú rẹ̀ bá gbé òkúta kalẹ̀, ṣé yóò wà níbẹ̀? Èrò tèmi ni pé kó wà níbẹ̀. Ọmọ ìlú tó kú nínú ogun ni a ń kọ, kì í ṣe ẹni tí ìjọba yìn. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò ní gbà, kí ẹ sì tètè bá ara yín jà lórí rẹ̀ nípàdé, kó má jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣí i.

Nípa iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ díẹ̀. Òkúta akọ pọ̀ nílẹ̀ wa, láti Ìdànrè títí dé Ìkẹ́rẹ́; ẹ má fi táìlì ṣe é. Kí wọ́n gbẹ́ lẹ́tà wọnú òkúta, nítorí lẹ́tà idẹ tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn tó ń ṣa irin yóò wá gbé e lóru. Kí àmì ohùn àti àmì abẹ́ pé, torí pé Ojo, Òjó àti Ọ̀jọ̀ kì í ṣe ẹnì kan náà. Kí orúkọ tò ní A, B, D, láìsí olóyè níwájú. Ẹ fi ibi tó ṣófo sílẹ̀ nísàlẹ̀: ọmọ wa kú ní Liberia àti Sierra Leone nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ECOMOG, wọ́n ṣì ń kú ní Bọ̀nú lónìí. Kí ẹ má sì gbàgbé àwọn obìnrin tó ń se oúnjẹ fún ogun tí wọ́n sì ń tẹ̀ lé e. Ibi tí ẹ ó gbé e sí, ẹ jẹ́ kó wà lẹ́bàá ọjà tàbí ojúde ọba, kí àgbàlagbà lè fara tì í. Kó má wà láàárín oríta mọ́tò tí ẹnikẹ́ni ò lè rìn dé. Mo ti rí òkúta kan níbi tí orúkọ olóṣèlú tó wá ṣí i ti tóbi ju ti gbogbo òkú lọ. Ẹni tó bá dáwó, kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìṣírò owó.

Iṣẹ́ tó le jù ni wíwá orúkọ gan-an. Akọ̀wé ológun àtijọ́ kì í fẹ́ràn láti gbọ́ orúkọ bàbá. Bí ẹnì kan bá dé, orúkọ rẹ̀ àti ti ìlú rẹ̀ ló máa ń kọ. Bello Sókótó. Òjó Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Òjó Ìbàdàn ló wà nínú ìwé wọn. Àfi kí ìdílé mú ohun tó kù nílé wá: ìwé ìdásílẹ̀, ìwé owó oṣù, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára àmì ẹ̀yẹ, lẹ́tà tí ọ̀gá òyìnbó kọ sí ìyá. Nọ́ńbà yẹn lẹ lè fi yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ orúkọ rẹ̀. Tábìlì kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ìwé ńlá kan wà lórí rẹ̀. Kí ẹni tó bá mọ̀ wá sọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é, agboolé rẹ̀, ogun tó lọ àti ẹni tó sọ fún un. Orúkọ méjèèjì la ó kọ, ti ilé àti ti akọ̀wé ológun. Bí ẹ bá ní ìwé, ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ mú wá, kí ojúlówó wà nílé lọ́dọ̀ yín.